Kí Owó Iṣẹ́ Ọnà Máa Sùn Nílé: Ìpè sí Ará Òṣogbo àti Àwọn Ìlú Bíi Tirẹ̀

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn àti Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀yọ́, Ondó àti Ìlọrin, ẹ̀yin tí ìlú yín ti kọjá abúlé ṣùgbọ́n tí kì í ṣe Èkó, ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá, owó tí a fi ọwọ́ ara wa pa tí kì í sùn sílé wa.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà, àṣà àti ọrọ̀ ajé àtinúdá. Láti ìgbà náà, a ò dẹ́kun gbígbọ́ ọ pé orin, fíìmù, aṣọ àti àwòrán lè bọ́ ọmọ Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, Èkó ni gbogbo ojú máa ń kọ sí, àfi bí ẹni pé ọmọ tó ní ẹ̀bùn ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo kò ní ọ̀nà kankan ju kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó wọ mọ́tò Èkó. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwa ará ìlú ni ọ̀rọ̀ náà wà, ó sì wà níbẹ̀ ju bó ṣe wà lọ́wọ́ mínísítà kankan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ohun tí ìlú wa ti ṣe rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, Dúró Ládipọ̀ tó jẹ́ òṣèré àti Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì, ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Ilé ọtí Dúró Ládipọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán, tí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ sì lè yà wò. Láàrin 1962 sí 1964 ni wọ́n ń pe àwọn tó bá fẹ́ kọ́ àwòrán jọ síbẹ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ kọ́ wọn. Georgina Beier, ìyàwó Ulli, ló tẹ̀lé e.

Ẹ wá wo irú àwọn tó gba àyíká ibẹ̀ di olókìkí. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládipọ̀. Òun ló wá di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Twins Seven-Seven, oníjó ni, ó ti bá àwọn tí ń ta oògùn rìn káàkiri; ní 2005 UNESCO fi í joyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà. Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni. Ó ń fi òòlù lu ìtàn sára páànù títí ẹyẹ, igi àti ọba fi yọ lára rẹ̀. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Símẹ́ńtì tó fi ń mọ ilé náà ló fi ń mọ ère. Òun àti àwọn káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú wa ni wọ́n bá Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger tó ti ilẹ̀ Austria dé ní 1950 tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009, tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe. Igbó náà, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 2005. Ẹ tún iṣẹ́ wọn kà: iná, ijó, àgbẹ̀dẹ, bíríkìlà. Irú àwọn tí a ń pè wá ṣiṣẹ́ nílé àti lóde wa lónìí ni.

Eré orí ìtàgé náà ńkọ́? Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Òyìn Adéjọbí, Dúró Ládipọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi Òṣogbo ṣe ibùdó. Ẹni tó bá fẹ́ rí eré Yorùbá tó jinlẹ̀ nígbà náà, ìlú wa ló ń bọ̀. Ọba Kò So, eré Dúró Ládipọ̀, dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ṣí kúrò ní Òṣogbo kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀? Mo ti bi ọ̀pọ̀ àgbà ìlú, wọ́n á ní ogun abẹ́lé ni, wọ́n á ní tẹlifíṣọ̀n ni, wọ́n á ní náírà ló wó. Gbogbo rẹ̀ ló ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í fẹ́ sọ: ta ló ń ra àwọn àwòrán yẹn? Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba, àwọn arìnrìn-àjò. Nígbà tí àwọn Beier kúrò ní Nàìjíríà lópin 1966, tí ogun dé, tí àlejò dínkù, ọjà náà kò ní ẹsẹ̀ tó pọ̀ nílé tí yóò fi dúró. Àwa tí a ń gbé ìlú yìí ń fi wọ́n yangàn, a ò ra iṣẹ́ wọn. Ilé olówó mélòó ni ẹ ti wọ̀ ní Òṣogbo tí ẹ ti rí àwòrán ọmọ Òṣogbo lára ògiri? Kàlẹ́ńdà báńkì ló pọ̀ níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn ìlú mìíràn. Lustenau lorúkọ rẹ̀, ìlú kékeré ní Austria, lẹ́bàá odò Rhine. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 30,000. Òṣogbo fi ìlọ́po púpọ̀ jù ú lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ti ń ṣe léèsì fún wa. Fún wa ni mo wí, fún àwa tí a ń sọ ojú ọ̀nà di òde. Àwọn ìyá oníléèsì ti Èkó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá wọn, wọ́n ń sọ àwọ̀ tó wà lóde, wọ́n ń sọ irú ọnà tí ìyàwó àti ìyá ọkọ yóò fẹ́. Àwọn ará Lustenau ń gbọ́, wọ́n ń ya ọnà náà, wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé láwọn ọdún 1970, léèsì yìí di aṣọ iyì ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbà tí ìjọba fòfin dè é pàápàá, ó ń rí ọ̀nà wọlé. Ní 2010, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna ṣe ìpàtẹ lórí léèsì àwa ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì gbé ìpàtẹ náà wá sí Èkó ní 2011.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìgbéyàwó tiwa, ìkómọ tiwa, òkú àgbà tiwa ló gbọ́ bùkátà ìlú kékeré kan lókè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú kékeré lè fi ọnà jẹun bó bá ní oníbàárà tó ń padà wá. Oníbàárà náà sì ni wá. A ti ní ohun tó ṣòro jù lọ láti ní.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ká wá olówó tí yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ta ni olówó ọ̀hún? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ló ń náwó lórí iṣẹ́ ọnà ju ẹni tó ń sin òkú ìyá rẹ̀ lọ? Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ẹ wo iye àtíbàbà tí wọ́n ta láti Ìgbọ̀nà títí dé Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Lábẹ́ àtíbàbà kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí onílù àti olórin, ẹ ó rí ayàwòrán àti ẹni tó gbé kámẹ́rà fídíò, aránṣọ, ẹni tó ń wé gèlè, ẹni tó ṣe gbọ̀ngán lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó tẹ káàdì, alásè, alága ìdúró àti alága ìjókòó. Alága yìí gan-an, nígbà kan ìyàwó ilé tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ ló ń ṣe é, ẹ̀rín ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí ó ti di iṣẹ́ tó ń san owó iléèwé ọmọ. Kò sí ìjọba tó dá a sílẹ̀. Ará ìlú ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un, ó sì di iṣẹ́.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òde, kó tó wọ mọ́tò lọ sí ọjà Balógun ní Èkó, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aláró àti ahunṣọ tó wà nítòsí. Òṣogbo ìlú aró là ń kì í, bẹ́ẹ̀ aṣọ ẹbí wa kì í sábà kan ìkòkò aró kankan nínú ìlú. Mi ò ní kí ẹ má ra léèsì mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú aṣọ méjì tí ẹ ó dá jẹ́ èyí tí ọwọ́ ará ilé ṣe. Ìdílé kan tó dá adìrẹ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn ti fún aládìrẹ kan ní iṣẹ́ tí yóò fi lè gba ọmọ iṣẹ́ sí i.

Ẹ sì san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Oníṣẹ́ ọnà mélòó ló ti kógbá wọlé nítorí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú jẹ ẹ́ lówó? Ayàwòrán ti ya fọ́tò, ẹ ti gbé e sórí fóònù, gbogbo ayé ti kí yín kú oríire, ìyókù owó rẹ̀ wá di "mo ń bọ̀ lọ́la". Onílù ti lù títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní owó tí wọ́n ná lé e lórí ti tó o. Owó tí ẹ ná lé e lórí, ẹ̀bùn ni. Owó iṣẹ́ tí ẹ jọ dá, gbèsè ni. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ wa má fi ìlú sílẹ̀, ká jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ará ilé kì í pàdánù.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ìdí wà tí àwọn èèyàn fi ń sá lọ sí Èkó. Aṣọ tí ẹ ní yóò jáde lọ́jọ́bọ̀ kì í jáde lọ́jọ́bọ̀. Àwọ̀ tó dára lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, lẹ́yìn ìfọ̀ kejì ó ti ṣí sára aṣọ mìíràn. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà kan, adìrẹ ibẹ̀ ń lọ sí Gold Coast (Ghana òde òní) àti Senegal, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ wọ̀nyẹn ń wá fúnra wọn. Nígbà tí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń ṣàròyé pé aṣọ náà kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀, ọjà sì tutù. Láwọn ọdún 1930 ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Aláké Adémọ́lá Kejì, ó fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n ta ko Aláké lórí rẹ̀, torí wọ́n gbà pé àwọn ló mọ iṣẹ́ àwọn. Ta ló jàre? Èrò tèmi ni pé aró òyìnbó kọ́ ni ọ̀tá. Ẹni tó lò ó láì mọ ìwọ̀n rẹ̀ ló ba gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́, kò sì sí ẹgbẹ́ tó lágbára tó láti dá a dúró kó tó di ti ààfin.

Ọ̀tá mìíràn ló wà lọ́jà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ya ọnà adìrẹ sí lára, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìrẹ gidi, ó sì fi iye púpọ̀ pọ́ọ́kú jù ú lọ. Olówó kékeré tó ń rà á kò ṣẹ̀. Àwa la ò fún un ní ohun tí yóò fi mọ ìyàtọ̀. Ẹgbẹ́ aládìrẹ ìlú kọ̀ọ̀kan lè ní àmì kan tí wọn yóò máa rán mọ́ etí aṣọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ń ṣí, kí ẹgbẹ́ gba àmì náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìpàdé kan àti ìfẹnukò ló gbà. Kí aṣọ tó dé London tàbí Houston, orúkọ ìlú ti wà lára rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á sì lè pe ẹni tó ṣe é láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí owó ń jò jù lọ nìyẹn: a hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, a tà á ní owó ọ̀pọ̀ fún ẹni tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ìsẹ́yìn ló ti wá, Èkó ni wọ́n ti rán an di agbádá, Èkó ni wọ́n ti fún un lórúkọ, Èkó ni èrè tó pọ̀ jù dúró sí.

Òwú náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè báyìí, òkè òkun ló ti ń wá, nígbà tó jẹ́ pé sányán ti àtijọ́, kòkòrò inú igbó wa ló ń ta okùn rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn iléèwé gíga wa. Mi ò ní fi í di ẹrù lé ará ìlú lórí lónìí.

Ẹ̀yin onílé, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Mbárí Mbáyọ̀ ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé tí ìjọba kọ́. Yàrá kan ni, lójú títì, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Ní gbogbo ìlú wa lónìí, ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo wà, gbọ̀ngán ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí wà tí kò ní iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́rú, ilé bàbá wa wà láàrin ìlú tí àwọn àjogún ń jà lé lórí tí aláǹgbá ń sùn síbẹ̀. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní ọ̀kan nínú wọn fún ọdún kan, kí wọ́n tún un kùn, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà dípò owó ilé. Níbi tí ayàwòrán, aránṣọ, agbẹ́gilére àti ọmọ tí ń ṣe fídíò orí fóònù bá ti jọ wà, iṣẹ́ máa ń bí iṣẹ́. Bí Jimoh Buraimoh ṣe bọ́ sídìí àwòrán nìyẹn: ìdí iná eré ló wà tí àwòrán fi bá a níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, ẹ gbọ́. Kò sí ìlú wa tí kò ní yín, ẹ sì mọ ọ̀nà tí owó fi ń yípo ju báńkì lọ. Ẹ ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti ra ọ̀kadà, láti kọ́ ilé, láti ṣe òde. Ẹ gbìyànjú kí ẹ yá àwọn oníṣẹ́ ọnà márùn-ún lápapọ̀ láti ra sólà. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ tàbí tó fi ń ṣe fídíò mọ ohun tí ojú òun ń rí. Ọmọ tó ń ṣe àkójọpọ̀ fídíò fún oníbàárà ní Canada lè jókòó sí Òṣogbo ṣe é. Ohun tó ń lé e lọ sí Èkó ni iná tó ń lọ lójijì nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ẹ̀rù tó ń bà yín. Ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín di ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n jókòó sílé. Ọmọ lè lọ iléèwé kó sì kọ́ṣẹ́. Kò yẹ kí ọ̀kan pa èkejì. Iṣẹ́ ọnà àti àṣà wà nínú ohun tí ìjọba ní kí wọ́n máa kọ́ ọmọ wa ní iléèwé, àmọ́ níbi púpọ̀ inú ìwé nìkan ló wà. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé ní ìpàdé òbí, ẹ ní kó pe onílù kan, aláró kan àti agbẹ́gilére kan, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ̀yin òbí sì dá owó ọkọ̀ wọn. Ọmọ àyàn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun mọ ohun tí olùkọ́ tó ti yunifásítì dé kò mọ̀. Ọmọ wa ò sì gbọdọ̀ dúró de òyìnbó kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọdún Ọ̀ṣun. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, àwọn èèyàn ń ti Brazil, Cuba, Amẹ́ríkà àti gbogbo Nàìjíríà wá bá Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ọdún náà, rìn dé etí odò. Ní ọjọ́ yẹn, ìlú kún. Lọ́jọ́ kejì, ó tán. Àlejò tó wá láti Salvador, tó fi ọ̀pọ̀ owó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ló lè rà ní Òṣogbo ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e? Ta ni yóò mú un lọ sọ́dọ̀ aláró kó ti ọwọ́ bọ inú aró fúnra rẹ̀? Iléetura wo ló ní ìwé kékeré tó sọ ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wà àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí? Ọ̀rọ̀ yìí ti yé ará Ìjẹ̀bú-Òde jù wá lọ. Níbi ọdún Ojúde Ọba wọn, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹgbẹ́ régbérégbé kọ̀ọ̀kan ló ń dá aṣọ tirẹ̀, àwọn ahunṣọ àti aránṣọ sì ti ń gbaṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ní 2024, fọ́tò àwọn tó gun ẹṣin níbẹ̀ kárí ayé. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ́ ló dá régbérégbé sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ló dá ara wọn jọ lọ́jọ́ orí. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ọmọ Òṣogbo kọ̀ọ̀kan kò fi lè pinnu pé adìrẹ tí wọ́n pa láró ní ìlú yìí làwọn yóò wọ̀ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun?

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo èyí jẹ́, odò náà fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo wa la rí i bí omi Ọ̀ṣun ṣe yí padà di ẹrẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá nítorí àwọn tí ń wa góòlù lápá Iléṣà àti àyíká rẹ̀. Ìjọba ti kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Yálà o ń sin Ọ̀ṣun tàbí o kò sìn ín, owó ìlú rẹ wà nínú omi yẹn. Onígbàgbọ́ tó ń ta oúnjẹ lóṣù Kẹjọ àti mùsùlùmí tó ní iléetura ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ aṣòfin wọn, lórúkọ, pé kí ni ó ti ṣe nípa rẹ̀.

Bí a ti dé ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ má wò ó pé mo dá ìjọba láre. Ní 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ yín kò gbé ní Abuja. Ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ bàbá rẹ̀. Ẹ bi í léèrè: ilé ìyàgbẹ́ mélòó ni yóò wà lọ́nà Igbó Ọ̀ṣun lọ́dún yìí? Kí ló dé tí àwọn agbowó-orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo? Gbọ̀ngán ìlú, ta ló wà fún, èló ni ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣeré níbẹ̀ yóò san? Ìbéèrè kékeré ni wọ́n, wọ́n sì ní ìdáhùn. Mi ò ní kí ẹ béèrè fún gbọ̀ngán bílíọ̀nù náírà tí koríko yóò hù sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya ọnà tuntun, tí ẹ ń kọ orin, tí ẹ ń ṣe fíìmù kéékèèké, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, ti 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023. Ọnà adìrẹ àtijọ́ jẹ́ ti gbogbo wa. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ yà, tìrẹ ni. Àjọ Nigerian Copyright Commission ní ètò tí o fi lè fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lórúkọ rẹ. Ṣe é kí iléeṣẹ́ kan tó tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibi tí ẹ wà jìnnà jù. Ìgbọ́jàyè, ní Òkè-Ògùn, kì í ṣe ìlú tí ọ̀pọ̀ mọ̀, ibẹ̀ ni Kúnlé Afọláyan lọ kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí. Aníkúlápó tí Netflix gbé jáde ní 2022, àwọn èèyàn wò ó ní orílẹ̀-èdè tí wọn kò ti mọ ibi tí Òkè-Ògùn wà. Káfíńtà ibẹ̀, alásè ibẹ̀, ẹni tó ni ẹṣin, ẹni tó ń mọ ìkòkò, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé láìsí wọn.

Mi ò ṣèlérí pé gbogbo ọmọ tó bá mú búrọ́ọ̀ṣì yóò là. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kàn rí oúnjẹ òòjọ́, owó ilé, owó iléèwé ọmọ, wọ́n á sì wà nítòsí nígbà tí ìyá wọn bá ń ṣàìsàn. Ìyẹn náà ni mo ń fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kú lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ Líbíà ń wá èyí tó kéré sí i.

Ìgbéyàwó àti ọdún pọ̀ lóṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun yóò ṣe òde nígbà náà, kó lọ bá ahunṣọ tàbí aláró sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹjọ, kó mú àwọ̀ dání, kí wọ́n jọ dá iye àti ọjọ́, kó san ìdajì sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ra òwú, kó sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe aṣọ náà sí ìsàlẹ̀ káàdì ìpè, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí àlejò tó bá fẹ́ràn aṣọ náà lè pè é.